Ojú kan, ohùn kan: bí ẹ ṣe lè tún ìtò àti ìlànà ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ yín ṣe

Màmá kan ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 20 nídìí ọjà náà, a kọ ìròyìn nípa wọn sínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa, a ya fọ́tò wọn, èmi fúnra mi sì mú ẹ̀dà kan lọ fún wọn. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka Yorùbá dáadáa. Wọ́n fi ìka tọ àkọlé, wọ́n fi tọ abẹ́ fọ́tò, wọ́n tún fi tọ inú ìròyìn. Lẹ́tà ṣ wà nínú orúkọ wọn. A kọ ọ́ ní "sh" nínú àkọlé, a kọ ọ́ ní "s" lásán nínú ìròyìn, abẹ́ fọ́tò nìkan la ti kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ ṣeun o. Èwo ni èmi nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí?"

Èmi ni olóòtú. Ìwé náà jẹ́ olójú ewé mẹ́jọ, Yorùbá la fi ń kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló sì ń jáde. Ìbéèrè màmá yẹn ló jẹ́ ká jókòó wo iṣẹ́ wa. A rí i pé kì í ṣe àìmọ̀wé ló fa rúdurùdu náà. Gbogbo akọ̀ròyìn wa ló mọ Yorùbá kọ. Kálukú ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó tíì sọ èyí tí ìwé ìròyìn gbà. Ohun tí a ṣe nìyí, mo sì to àwọn ìgbésẹ̀ náà bó ṣe yẹ ká ti ṣe wọ́n, torí àwa kọ́kọ́ sáré lọ pààrọ̀ fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí a fi ń tẹ ìwé, kí a tó mọ ohun tó ń ṣe wá.

1. Ẹ fi bírò ka àwọn ẹ̀dà àtijọ́

Ẹ mú ẹ̀dà mẹ́ta tó jáde kẹ́yìn. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ má ṣe kà á lórí fóònù, bébà ni kí ẹ lò, kí ojú yín lè rí ojú ewé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnì kan mú bírò pupa fún ọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì mú búlúù fún ìtò, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ àti fọ́tò ṣe wà lójú ewé. Ibikíbi tí ohun kan náà bá ti yàtọ̀ sí ara rẹ̀, ẹ fa ìlà yí i ká. Ẹ má tíì jiyàn lórí èyí tó tọ̀nà, ẹ kàn ṣe àkọsílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àwa ṣe é, ọ̀nà mẹ́rin la ti kọ déètì: "ọjọ́ kẹta oṣù kẹta", "3/3", "March 3", "ọjọ́ 3, oṣù Ẹrẹ́nà". "Oshogbo", "Osogbo" àti "Òṣogbo" wà lójú ewé kan ṣoṣo. Olùkọ́ kan jẹ́ "Prof." lójú ewé kìn-ín-ní, ó di "Ọ̀jọ̀gbọ́n" lójú ewé kẹta, ó tún di "Dókítà" lójú ewé keje. Fọ́ǹtì mẹ́fà ló wà nínú àkọlé nìkan. Orúkọ ìwé ìròyìn lójú ewé iwájú jẹ́ pupa lóṣù kan, ó di àwọ̀ ewé lóṣù kejì. Nọ́ńbà ojú ewé wà lókè níbì kan, ó wà nísàlẹ̀ níbòmíràn, ojú ewé méjì kò tilẹ̀ ní rárá.

Ẹ ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ láti orí èyí tó pọ̀ jù. Àkọsílẹ̀ yìí ni ẹ ó fi ṣe ìpàdé. Láìsí i, ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ni yóò pinnu ohun gbogbo.

2. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí àkọtọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, kò tíì sí àkọtọ́ tí gbogbo ènìyàn fara mọ́. Ọdún 1875 ni wọ́n pàdé ní Èkó láti jíròrò bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Èyí tí a ń kọ́ nílé ìwé báyìí, ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Àtijọ́ àti tuntun ṣì ń gbé inú ilé kan náà títí di òní. Ọmọ tó kọ́ ìwé kíkà nínú Bíbélì bàbá bàbá rẹ̀ yóò kọ "aiye", "enia", "nwọn", "yio" àti "on". Ẹni tó kọ́ ọ nílé ìwé yóò kọ "ayé", "ènìyàn", "wọ́n", "yóò" àti "òun". Nígbà tí àwọn méjèèjì bá jọ kọ ìròyìn kan, ohun tí ẹ ó rí nìyẹn. Ẹ má fi ẹni àkọ́kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kàn sọ fún un pé ti 1974 ni ìwé ìròyìn yín ń lò.

Orúkọ ènìyàn kò sí lábẹ́ òfin yìí. Bí ẹnì kan bá ń kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ ní "Sh", bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹ fún un ní bírò àti bébà kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí akọ̀ròyìn sì ya fọ́tò bébà náà sínú fóònù rẹ̀. Bí ẹni náà kò bá mọ̀wé, ẹ ka lẹ́tà rẹ̀ sí i létí, tàbí kí ẹ bi ọmọ rẹ̀. Èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú ọjọ́ màmá yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀rọ̀ lórí àmì ohùn. Ìwé ìròyìn mìíràn máa ń fi gbogbo àmì sí i, òmíràn kì í fi ọ̀kankan sí i. Èyí tó burú ni kó wà nínú ìpínrọ̀ kìn-ín-ní kó sì pòórá nínú ìkejì. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí i. Ẹ wo àkọlé yìí, tó jáde láìní àmì: "Oko awon akekoo baje". Ṣé ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí kíláàsì ni? Ṣé oko tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni? Àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ó? Ẹni tó wà nílé ẹ̀kọ́ náà lè mọ̀. Ẹni tó ń kà á láti Ṣakí kò lè mọ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó lè fi gbogbo àmì ohùn sí i kí ọjọ́ tó pé, ẹ pinnu pé àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò gbọdọ̀ sọnù níbikíbi, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí àkọlé àti orúkọ gbogbo. Ohun tí ẹ bá ti sọ, ẹ dì í mú láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkẹjọ.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó máa ń sún kì, "tó", "kó", "bó" àti "ló" la gbà, a kò sì tún kọ "tí ó", "kí ó", "bí ó" àti "ni ó" mọ́, torí pé bẹ́ẹ̀ ni à ń sọ ọ́ lẹ́nu, àyè wa kò sì fẹ̀. Ẹ̀yin lè yan òdìkejì. Òdìkejì náà dára.

3. Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù

Ojú lásán kì í tètè rí àṣìṣe yìí, òun ló sì fìyà jẹ wá jù.

Akọ̀ròyìn kan ń fi ẹ̀kán kékeré sábẹ́ o rẹ̀, bíi ọ. Ẹlòmíràn ń fi igi kékeré tó nàró sí i, bíi o̩. Bí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí wàhálà. Nígbà tí a kó wọn sínú ìròyìn kan, ó dà bíi pé ènìyàn méjì ló ń jà lórí gbólóhùn kan. Ẹ yan ọ̀kan. Ẹ̀kán la yàn, torí pé òun ló wọ́pọ̀ jù nínú fọ́ǹtì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì parí síbẹ̀. Ọ méjì tó jọra lójú lè má jọra nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tí Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, mọ̀ sí U+1ECD. Èkejì lè jẹ́ "o" lásán tí wọ́n so ẹ̀kán, U+0323, mọ́ nídìí. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ wá gbogbo "ọmọ" nínú fáìlì kan láti tún nǹkan ṣe. Ìdajì ni kọ̀ǹpútà rí. Ìdajì yòókù wà níwájú mi gedegbe, mo ń rí wọn, kọ̀ǹpútà kò rí wọn. Àtúnṣe tí mo rò pé mo ti ṣe tán kò kan àwọn wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Kí gbogbo akọ̀ròyìn lo kíbọ́ọ̀dù kan náà: Gboard ní Yorùbá lórí fóònù, Keyman sì ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá fún kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n pa ohun tó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe fúnra rẹ̀ lórí fóònù, torí ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá di Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ẹni. Nígbà tí ìròyìn bá wọlé, kí ẹnì kan ṣoṣo fi "wá kí o sì pààrọ̀" sọ gbogbo igi di ẹ̀kán, kó sì sọ gbogbo ẹ̀kán tí a so mọ́ lẹ́tà di lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ẹ wá yẹ fọ́ǹtì yín wò. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode fún ọ́ tàbí ẹ̀. Àmì òkè gbọ́dọ̀ wá jókòó lórí ọ, fọ́ǹtì tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e síbẹ̀ yóò jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ẹ tẹ ìlà yìí, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ lò nínú ìwé ìròyìn:

Ọ̀ṣun Ẹ̀gbá Ṣẹ́rẹ́ ọ́ ọ̀ ẹ́ ẹ̀ ń ǹ ḿ m̀ ₦500

Ẹ mú un sún mọ́ ojú. Ẹ wo Ọ̀ ńlá: ṣé àmì òkè kò gé? Ẹ wo ǹ: ṣé ó jọ ń tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àbí fọ́ǹtì mìíràn ló yá a wá? Ẹ wo àmì náírà. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif ń yege nínú ìdánwò yìí, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó lẹ́wà fún Gẹ̀ẹ́sì kò lè yege níbẹ̀. Bó ti wù kó lẹ́wà tó, ẹ fi í sílẹ̀.

4. Ẹ kọ ìwé ìlànà kan ṣoṣo

Ojú bébà kan ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ìlànà olójú ewé 30 tí ẹnikẹ́ni kò kà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tò ó ní a, b, d, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Díẹ̀ nínú tiwa rèé:

aago 4 ìrọ̀lẹ́ (kì í ṣe 4pm)
₦500 (kò sí àlàfo láàárín àmì àti iye)
ọjọ́ 3, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2016
Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ọ̀mọ̀wé: ní kíkún, ṣáájú orúkọ, nígbà àkọ́kọ́ nìkan
Òṣogbo (kì í ṣe Oshogbo tàbí Osogbo)
WhatsApp, Facebook: bí àwọn tó ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́
yunifásítì: lẹ́tà kékeré, àfi nínú orúkọ, bíi Yunifásítì Ìbàdàn

Lórí iye, a fi ọ̀rọ̀ kọ ení títí dé ẹ̀wá, a fi nọ́ńbà kọ èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Akẹ́kọ̀ọ́ márùndínláàádọ́ta" dùn létí, ṣùgbọ́n "akẹ́kọ̀ọ́ 45" ni ojú tètè ń rí. Owó, déètì, ìwọ̀n àti iye góòlù jẹ́ nọ́ńbà nígbà gbogbo.

Ọ̀rọ̀ "ó" àti "wọ́n" ló gba àkókò wa jù, ọjọ́ méjì la fi sọ ọ́. Nínú ẹ̀dà kan tí a yẹ̀ wò, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ "wọ́n", màmá onímọ́ínmọ́ín sì jẹ́ "ó", bẹ́ẹ̀ màmá ju ọ̀gá àgbà lọ lọ́jọ́ orí. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní i lọ́kàn láti rí màmá fín. Ipò ló wò, kò wo ọjọ́ orí, kò sì fura. Àwọn kan nínú wa ní kí gbogbo àgbà jẹ́ "wọ́n", pé ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ pe àgbàlagbà ní "ó". Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ara èmi náà kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn yìí tó wà nínú ìròyìn wa: "Ọ̀gá àgbà pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lánàá. Wọ́n ní àwọn kò ní gbà." Ta ni kò ní gbà? Ìròyìn gbogbo wà lórí ìdáhùn ìbéèrè yẹn, òǹkàwé kò sì rí i.

Ibi tí a fàbọ̀ sí ni pé nínú ìròyìn, "ó" ni gbogbo ènìyàn, láti orí ọ̀gá àgbà dé orí ẹni tó ń gbá ọgbà, oyè rẹ̀ yóò sì ṣáájú orúkọ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìtàn ìgbésí ayé àti ìkéde òkú, "wọ́n" ni ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ àgbà, ìbáà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ìbáà ṣe aláàárù. A kọ àlàyé kúkúrú sójú ewé kejì kí àwọn òǹkàwé má bàa rò pé a ti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìtàn màmá onímọ́ínmọ́ín yóò bọ́ sí abala kejì yìí, "wọ́n" ni wọn yóò sì jẹ́ láti òkè dé ilẹ̀.

Nínú àkọlé, lẹ́tà àkọ́kọ́ àti orúkọ nìkan ló ń gba lẹ́tà ńlá. A dẹ́kun lẹ́tà ńlá fún gbogbo ọ̀rọ̀ inú àkọlé pátápátá, torí àmì òkè kì í rí àyè jókòó lórí lẹ́tà ńlá, wọ́n sì máa ń yọ ọ́ kúrò kí ìlà lè sún mọ́ra.

5. Ẹ la ojú ewé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì tún là á mọ́

Nísinsìnyí ni kí ẹ tó fọwọ́ kan ìtò. Bí ẹ bá ń tẹ ìwé yín sórí A3 tí wọ́n ṣẹ́ po, A3 kan yóò fún yín ní ojú ewé A4 mẹ́rin, nítorí náà iye ojú ewé yín gbọ́dọ̀ ṣe é fi mẹ́rin pín. Fífẹ̀ A4 jẹ́ mílímítà 210, gígùn rẹ̀ jẹ́ 297. Ẹ fi mílímítà 16 sílẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. Ó ku 178. Ẹ pín in sí kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta tó fẹ̀ ní 56, pẹ̀lú àlàfo 5 láàárín wọn. Kò sí ìdá kankan tó ṣẹ́kù, ẹni tó bá ń tò ó lóru kò ní máa ṣe ìṣirò. Ẹ fi 20 sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú ìròyìn jẹ́ póíǹtì 10 (póíǹtì ni a fi ń wọn lẹ́tà), kí ìlà sí ìlà sì jẹ́ póíǹtì 13. Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń lo 12 láàárín ìlà, ó sì tó wọn. Tiwa kò tó, torí ẹ̀kán abẹ́ ọ ní ìlà òkè yóò máa gbá àmì orí Ẹ́ ní ìlà ìsàlẹ̀. Póíǹtì 13 yóò fún yín ní ìlà 56 lójú ewé kan. Ẹ dán 12 wò lẹ́ẹ̀kan kí ojú yín rí i, ẹ kò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Fọ́ǹtì méjì ti tó: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún àkọlé. Ìwọ̀n àkọlé mẹ́ta: póíǹtì 36 fún ìròyìn tó ṣe pàtàkì jù lójú ewé, 24 fún èyí tó tẹ̀ lé e, 18 fún yòókù. Bí àkọlé kò bá gba àyè rẹ̀, ẹ tún àkọlé kọ. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di 31. Bákan náà, bí ìròyìn bá gùn ju àyè rẹ̀ lọ, ẹ gé ọ̀rọ̀ kúrò, ẹ má ṣe fún ọ̀rọ̀ di póíǹtì mẹ́jọ. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mo rí jù nínú ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Olóòtú kò fẹ́ mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ bínú, ló bá fún lẹ́tà, òǹkàwé ló wá ń jìyà rẹ̀.

Ẹ pa ohun tó ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì níparí ìlà. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni kọ̀ǹpútà ń lò, yóò gé "gbogbo" sí "gbog" àti "bo", bẹ́ẹ̀ "gb" jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa, kò ṣe é là. Ẹ tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dọ́gba lápá òsì nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ kó dọ́gba lápá méjèèjì nínú kọ́lọ́ọ̀mù tóóró, àlàfo ńláńlá yóò máa ṣí sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ẹ fi sínú fáìlì òfìfo kan. Nínú InDesign tàbí Scribus (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ojú ewé; Scribus jẹ́ ọ̀fẹ́), ojú ewé ìpìlẹ̀ wà tí ẹ lè fi nọ́ńbà ojú ewé, orúkọ ìwé ìròyìn àti kọ́lọ́ọ̀mù sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ tún ṣe stáìlì, ìyẹn fọ́ǹtì àti ìwọ̀n tí a ti yàn sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ kan, fún ìpínrọ̀: àkọlé ńlá, àkọlé kejì, àkọlé kẹta, orúkọ akọ̀ròyìn, ọ̀rọ̀ inú ìròyìn, abẹ́ fọ́tò. Ẹni tó ń tò ó kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yan fọ́ǹtì tàbí ìwọ̀n rárá, orúkọ stáìlì ni yóò tẹ̀. Lóṣù tí a pinnu láti yí fọ́ǹtì abẹ́ fọ́tò padà, ibì kan ni mo ti yí i, gbogbo ojú ewé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì yí lẹ́ẹ̀kan náà.

Abẹ́ fọ́tò: orúkọ láti apá òsì sí ọ̀tún, ohun tó ń ṣẹlẹ̀, orúkọ ẹni tó ya á. Bákan náà ni nígbà gbogbo.

6. Ẹ la ọ̀nà tí ìròyìn yóò gbà

Akọ̀ròyìn á kọ ọ́, olóòtú á gé e, ẹnì kan á yẹ àmì àti ìwé ìlànà wò, lẹ́yìn náà ló tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tò ó. Bí ìròyìn bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé "jọ̀ọ́, bá mi fi ìpínrọ̀ yìí kún un". Ẹni kan ṣoṣo ló ń di fáìlì mú. Fọ́tò gbọ́dọ̀ wá gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, torí WhatsApp máa ń sọ fọ́tò tó bá gba ọ̀nà yòókù di kékeré, ohun tó mọ́ lórí fóònù á wá di ṣákaṣàka lórí bébà.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ tẹ ojú ewé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí bébà lásán, kí ẹni méjì jókòó. Ọ̀kan ń kà á sókè, bí àmì ohùn ṣe wà gan-an ni kó kà á, kó má ka ohun tó mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Èkejì ń tẹ́tí. Etí máa ń mú ohun tí ojú ti rékọjá. Alẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ mi kà á pé "ìgbà ọ̀jọ̀gbọ́n náà fọ́", gbogbo wa sì dáwọ́ dúró. Igbá ni ìròyìn ń sọ. Ojú mẹ́rin ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn, wọn kò rí i.

7. Ní ilé ìtẹ̀wé

PDF ni kí ẹ gbé lọ, tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ CorelDRAW ni ẹ fi tò ó, ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di àwòrán ìlà kí ẹ tó fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà tó ṣì ṣe é tún ṣe. Àwa gbé fáìlì tí kò ní fọ́ǹtì nínú lọ nígbà kan, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò ní fọ́ǹtì wa, gbogbo ẹ́ àti ọ̀ di àpótí òfìfo, a kò sì mọ̀ títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ̀ fún wa. Ẹnì kan nínú wa á jókòó síbẹ̀, á ka gbogbo àkọlé àti gbogbo orúkọ, á fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kódà nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

8. Ẹ tún un ṣe ní gbangba, kí ẹ sì fà á lé ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀

Ẹ fi àyè kékeré sílẹ̀ lójú ewé kejì fún "Àtúnṣe", ibì kan náà lóṣooṣù. Nínú ẹ̀dà tó tẹ̀ lé ti màmá, a tẹ orúkọ wọn síbẹ̀ lódindi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún mi lẹ́yìn bébà kan. Mo tún mú un lọ fún wọn. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n sì kì í sínú àpò owó wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ nílé ẹ̀kọ́. Lọ́dọọdún ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ń lọ, àwọn tuntun ń wọlé, ìwé ìròyìn á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Nítorí náà, kí olóòtú tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ṣe odindi ẹ̀dà kan pọ̀. Fáìlì òfìfo, fọ́ǹtì, ìwé ìlànà àti ẹ̀dà mẹ́ta tí ẹ fi bírò yẹ̀ wò, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fláàṣì kan àti sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni méjì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Ẹ fi déètì sí ìwé ìlànà nígbàkígbà tí ohun kan bá yí padà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, torí ẹni tí kò mọ ìdí òfin kan ni yóò kọ́kọ́ pa á rẹ́.

Ọmọbìnrin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi fi ọ̀rọ̀ kan kún ìwé náà lọ́sẹ̀ tó wọlé. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú bírò pupa sábẹ́ lẹ́tà m: "mọ́ínmọ́ín, kì í ṣe moinmoin, kì í ṣe moi-moi."